Ohùn ẹni tí ó wà níwájú: iṣẹ́ àjọṣe lórí báàjì ẹrù

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọkọ̀ tiwa níhìn-ín, èyí tí a ń fi ọ̀pá tì tàbí tí a ń fi àjẹ̀ wà. Ọkọ̀ ẹrù ni, ní odò Mississippi, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èmi fúnra mi kò dé ibẹ̀ rí. Mo kà á ni. Bí mo sì ti ń kà á ni mo ń rántí yín. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní báàjì. Báàjì dà bí àpótí irin ńlá tí ó léfòó lórí omi. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ènìyàn kì í sùn nínú rẹ̀. Ó gùn tó mítà 59, ó sì fẹ̀ ju mítà 10 lọ. Bí wọ́n bá kó àgbàdo kún un, ẹrù rẹ̀ á ju tọ́ọ̀nù 1,300 lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Bí àpò àgbàdo kan bá wọn kílò 100, àpò mẹ́wàá ni tọ́ọ̀nù kan. Báàjì kan ṣoṣo ń gbé àpò 13,000 nìyẹn. Nínú yín, ta ni ó ti rí àpò 13,000 lójú kan rí?

Wọn kì í sì í mú ẹyọ kan lọ. Ní apá òkè odò náà, wọn a máa so báàjì 15 pọ̀: mẹ́ta ní ìbú, márùn-ún ní gígùn. Gbogbo rẹ̀ á wá di ohun kan ṣoṣo, tí ó gùn tó mítà 300, tí ó sì fẹ̀ tó mítà 32. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí odò ti fẹ̀ sí i, wọ́n lè so 30 pọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọkọ̀ kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì wà. Kì í fà wọ́n. Títì ni ó ń tì wọ́n síwájú. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ọkọ̀ atìbáàjì.

Kí ni wọ́n ń kó? Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Iowa, ti Illinois, ti Minnesota ni wọ́n ń gbìn ín. Omi ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, sí agbègbè New Orleans. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń gbà á lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí báàjì bá ń padà sókè, àwọn kan ń kó ajílẹ̀ lọ fún àwọn àgbẹ̀ náà. Èyí yé ẹ̀yin àgbẹ̀ dáadáa: ohun tí oko mú jáde ní ń lọ, ohun tí oko ń jẹ ní ń bọ̀.

Ènìyàn mélòó ni ẹ rò pé ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá péré ni. Ọ̀gá ọkọ̀ wà, igbákejì rẹ̀ wà tí òun náà ń tukọ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì wà. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí báàjì wà, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń darí. Alásè sì wà. Inú ọkọ̀ atìbáàjì ni gbogbo wọn ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lo ọjọ́ 28 lórí omi láìfi ẹsẹ̀ kan ilé, kí wọn tó lọ sinmi. Bí ìyàwó bá bímọ nílé, orí rédíò tàbí tẹlifóònù ni wọn yóò ti gbọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan mọ́. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe nídìí ààrò nìkan.

Ọkọ̀ náà kì í sùn. Ọ̀sán àti òru ni ó ń rìn. Nítorí náà, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn ti ọ̀gá ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́fà àárọ̀ di agogo méjìlá ọ̀sán, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di agogo méjìlá òru. Àwọn ti igbákejì a gbà á ní ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, àti ní òru di àárọ̀. Wákàtí mẹ́fà iṣẹ́, wákàtí mẹ́fà ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni títí. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tí ó ń sùn ju nǹkan bí wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì ń hó nísàlẹ̀, ibùsùn ń gbọ̀n. Ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún oorun ẹnìkejì rẹ̀, tí ó ń kọrin tàbí tí ó ń gbá ìlẹ̀kùn, ọ̀tá gbogbo ọkọ̀ ni. Òfin ilẹ̀ náà sì sọ pé ẹni tí ń tukọ̀ kò gbọ́dọ̀ tù ú ju wákàtí 12 lọ nínú wákàtí 24. Ọtí? Rárá o. Ẹni tí ó bá mu ún lórí ọkọ̀, ilé ni yóò lọ.

Oúnjẹ ni ohun tí ń so apá méjèèjì pọ̀. Kí agogo mẹ́fà tó lù, kí agogo méjìlá tó lù, alásè ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Àwọn tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń jẹun kí wọn tó jáde, àwọn tí ó parí ń jẹun kí wọn tó lọ sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: okùn irin kan ti ń gbó, báàjì kẹta ti ń gba omi, afẹ́fẹ́ ń yí padà. Ní tèmi, alásè ni igbákejì ọ̀gá ní tòótọ́. Bí ọbẹ̀ bá bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìjà a bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró ra nǹkan. Ọkọ̀ kékeré ni ó máa ń kó ẹran, iyẹ̀fun àti ẹ̀fọ́ wá bá wọn láàrin odò, nígbà tí ìrìn ń lọ lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú iṣẹ́ gan-an.

Okùn irin ni wọ́n fi ń so báàjì mọ́ báàjì. Wọn a yí i mọ́ òpó irin kúkurú tí ó wà lórí báàjì kọ̀ọ̀kan, wọn a wá fi irin kan tí ó ní eyín fún un títí yóò fi le bí ọ̀pá. Ó wúwo. Ènìyàn kan kò lè dá a ṣe dáadáa. Ẹnì kan ń gbé, ẹnì kan ń mú, ẹnì kan ń wò. Bí okùn bá já nígbà tí ó le, ó lè gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí báàjì méjì bá fi ara kan ara, ohun tí ó bá wà láàrin wọn ti bàjẹ́, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ ọwọ́. Bí ènìyàn bá ṣubú sómi níwájú, báàjì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò sì lè dúró kíákíá. Ó lè rìn tó kìlómítà kan kí ó tó dúró.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í sọ fún ẹni tuntun pé, "Lọ ṣiṣẹ́." Wọ́n ń kọ́ ọ. Ní àwọn ilé iṣẹ́ kan, ọjọ́ mélòó kan ni yóò kọ́kọ́ lò lórí báàjì tí wọ́n so mọ́ èbúté, kí ó tó wọ ọkọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ti ń ju okùn, bí a ti ń rìn létí báàjì, bí a ti ń gbé ẹrù wúwo láì ba ẹ̀yìn jẹ́. Bí ó bá sì dé inú ọkọ̀, àwọn kan ń fún un ní fìlà líle tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wà kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ẹni tuntun nìyí, kí wọn máa fojú sí i lára.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní kò le: wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó kí o tó jáde síta. Má sáré. Má fò láti orí báàjì kan sí èkejì. Má dúró sí àárín okùn tí ó ká. Má ṣe dá lọ síwájú lóru láìjẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Bí ẹnì kan bá ké pé ènìyàn ti bọ́ sómi, má ṣe bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Tọ́ka sí i, má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kí àwọn yòókù máa ṣe tiwọn. Wọn a máa ju ère kan sínú omi láti fi ṣe ìdánrawò èyí. Olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀: ẹni tí ń wò, ẹni tí ń sọ fún atukọ̀, ẹni tí ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀.

Ohun tí ó le ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ rántí pé ẹni tí ń tukọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Orí ìdì báàjì náà jìnnà sí i tó mítà 300. Òun kò rí ohun tí ó wà lábẹ́ imú báàjì àkọ́kọ́. Ta ni ó rí i? Òṣìṣẹ́ kan tí ó dúró níbẹ̀, tí ó mú rédíò kékeré lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lórí ọkọ̀. Ọ̀gá ní ọwọ́, òun ni ó ní ojú.

Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayé àtijọ́, kí rédíò tó dé. Nígbà náà, ẹnì kan a máa ju okùn tí wọ́n so òjé mọ́ sínú omi láti wọn bí omi ti jìn tó, a sì máa ké iye rẹ̀ sókè. Bí ó bá jìn díẹ̀ ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, igbe rẹ̀ ni "mark twain", èyíinì ni àmì kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Samuel Clemens, gba ìwé àṣẹ atukọ̀ ní odò náà ní 1859. Nígbà tí ó di òǹkọ̀wé, igbe náà ni ó fi ṣe orúkọ: Mark Twain. Gbogbo ayé mọ orúkọ náà lónìí.

Ibi tí ohùn yìí ti ṣe pàtàkì jù ni yàrá omi. Odò náà ga ní òkè, ó rẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ́ ìdènà sí i ní ibi púpọ̀ kí omi má bàa gbẹ lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdènà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe yàrá ńlá tí ó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ a wọlé, wọn a ti ìlẹ̀kùn, wọn a tú omi jáde tàbí kí wọn tú u wọlé, ọkọ̀ a sọ̀kalẹ̀ tàbí kí ó gòkè bí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn. Púpọ̀ nínú àwọn yàrá náà gùn ní mítà 183, wọ́n sì fẹ̀ ní mítà 33 àti ààbọ̀. Ìdì báàjì wa ńkọ́? Mítà 32 ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Mítà kan àti ààbọ̀ ni ó kù, kí a pín in sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Kò tó mítà kan ní apá kọ̀ọ̀kan! Ẹrù tí ó tó tọ́ọ̀nù 20,000, omi ń tì í, afẹ́fẹ́ ń gbá a, a sì fẹ́ kí ó gba ibẹ̀ kọjá láì fi ara gbún ògiri.

Nítorí náà, ẹni iwájú ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. "Ó ku ọgọ́rùn-ún síwájú. Méjì ní ọ̀tún. Ó ku àádọ́ta. Ọ̀kan ní ọ̀tún, ó ń súnmọ́. Ó dúró sí ọ̀kan. Ó ku ọgbọ̀n." Atukọ̀ ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ohùn náà ti wí. Bí ẹni iwájú bá ní méjì nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan, ìparun ni. Bí ó bá sì dákẹ́ nítorí pé kò dá a lójú, èyí burú jù. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níhìn-ín, tara gbogbo ọkọ̀ ni.

Yàrá náà kúrú ju ìdì báàjì lọ. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sí méjì. Báàjì mẹ́sàn-án a kọ́kọ́ wọlé. Mẹ́fà tí ó kù pẹ̀lú ọkọ̀ a dúró lẹ́yìn, wọn a wọlé ní ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, wọn a tún fi okùn irin so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀, ó lè gba méjì, nínú òjò, nínú òtútù, ní agogo mẹ́ta òru. Kí wọn tó bẹ̀rẹ̀, wọn a pé jọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: kí ni a fẹ́ ṣe, ta ni yóò ṣe kí ni, ibo ni ewu wà. Bí olórí bá sì pàṣẹ, ẹni tí ó gbà á yóò tún àṣẹ náà sọ padà, kí olórí lè mọ̀ pé ohun tí òun sọ ni ó gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Ṣé ọmọdé ni wọ́n ni, tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ sọ?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Kì í ṣe ìtàn dídùn.

Ní òru ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1993, ọkọ̀ atìbáàjì kan tí ń jẹ́ Mauvilla ń ti báàjì mẹ́fà lọ. Kì í ṣe odò Mississippi ni èyí. Ẹ̀bá ìlú Mobile ni, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀gá ọkọ̀ ń sùn, nítorí wákàtí ìsinmi rẹ̀ ni. Igbákejì rẹ̀ ni ó ń tukọ̀. Kùrukùru bo gbogbo omi. Ó ń wá ibi tí yóò so ọkọ̀ mọ́, kò sì mọ̀ pé òun ti ya kúrò lójú odò, òun ti wọ ẹ̀ka omi kan tí ọkọ̀ ńlá kì í gbà. Ẹ̀rọ radar wà níwájú rẹ̀. Radar ni ẹ̀rọ tí ń fi ohun tí ó wà nínú òkùnkùn àti kùrukùru hàn. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ó fi ohun kan hàn án lójú ọ̀nà. Igbákejì náà rò pé báàjì mìíràn ni.

Afárá ọkọ̀ ojú irin ni.

Báàjì gbá afárá náà, irin ojú ọ̀nà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin tí ó kó ju 200 ènìyàn dé. Ènìyàn 47 ni ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra wọn wà lára àwọn tí ó yọ ènìyàn nínú omi lóru náà.

Àwọn tí ìjọba rán láti wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọkùnrin náà dáadáa bí a ti ń lo radar. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé: àwòrán náà wà níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí mo kà nìyí tí mo fi rántí yín. Èmi kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi tó bí mo ti dá àwọn tí ó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lẹ́bi. Àwọn àgbà tún ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó lè bèèrè bí ó bá mọ̀ pé wọn yóò fi òun rẹ́rìn-ín?

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni ìjọba ṣe òfin pé àwọn tí ń tukọ̀ atìbáàjì gbọ́dọ̀ kọ́ radar. Ní 1997, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí ń ran àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi lọ́wọ́, Seamen's Church Institute, ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Paducah, ní Kentucky. Níbẹ̀, atukọ̀ ń dúró nínú yàrá kan tí ó dà bí inú ọkọ̀, wọ́n ń fi àwòrán odò, kùrukùrù àti afárá hàn án lára ògiri. Ó lè ṣìṣe níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kú. Ní 2016, ìjọba tún ṣe òfin mìíràn fún àwọn ọkọ̀ atìbáàjì, tí ó ka ìdánrawò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹni tuntun sí ọ̀ranyàn.

Ohun kan ṣì wà tí ó wù mí jù nínú gbogbo èyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà lónìí, ẹnikẹ́ni lórí ọkọ̀ ni ó ní àṣẹ láti sọ pé, "Ẹ dúró!" Ìbáà jẹ́ alásè. Ìbáà jẹ́ ọmọ tí ó dé lánàá, tí fìlà rẹ̀ ṣì ń dán. Bí ó bá rí ewu, tí ó sì ké, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, wọn a wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ewu, wọn a ṣàlàyé fún un, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bínú sí i. Mo mọ̀ pé èyí kò rọrùn fún wa. Àgbà ni àgbà ń jẹ́. Kì í sì í rọrùn fún àwọn náà. Ọ̀gá tí ó ti tukọ̀ fún 30 ọdún, tí ọmọ ogún ọdún ké mọ́ ọn lórí rédíò, ó ní láti gbé ìbínú mì.

Ọmọ náà náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye kà dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí mítà kan ti rí nínú òkùnkùn. Nígbà ẹ̀kọ́, olórí rẹ̀ a dúró tì í níwájú, a ní kí ó sọ iye tí ó kù, òun náà a sì fojú wọ̀n ọ́n. Wọn a ṣe é lọ́sàn-án, wọn a ṣe é lóru, títí ohùn méjèèjì yóò fi bára mu. Nígbà náà ni olórí yóò fi rédíò náà lé e lọ́wọ́, tí yóò sì padà sẹ́yìn, tí ọmọ náà yóò ku òun nìkan níwájú, pẹ̀lú ẹrù tọ́ọ̀nù 20,000 lẹ́yìn rẹ̀ àti ògiri sìmẹ́ǹtì níwájú rẹ̀.

"Ó ku ogún. Ọ̀kan ní òsì. Ó ku mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún. Ó ku méjì. Ẹ dá a dúró. A ti dé."